Ṣé mínísítà lè lọ bá ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ṣèpàdé kọ̀rọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olótùú. London ni mò ń gbé. Ṣebí àṣírí lọ̀rọ̀ ìjọba sí ìjọba, kí ló wá dé tí Priti Patel, mínísítà Bìrìtìkó tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè nígbà yẹn, fi ní láti fipò sílẹ̀ lọ́dún 2017 torí ìpàdé tó ṣe ní Israel?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè. Ìpàdé yẹn gan-an kọ́ ni wàhálà o, pé kò sọ fáwọn tó yẹ kó sọ fún ni. August 2017, hólídé ló lọ, àmọ́ ó rí Netanyahu olórí ìjọba wọn àtàwọn èèyàn míì, ìpàdé 12, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan níbẹ̀ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, Fọ́rìn Ọ́fíìsì, iléeṣẹ́ ìjọba Bìrìtìkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ò sì mọ̀ ṣáájú. Ìgbà tó padà dé ló wá ń béèrè bóyá owó ìrànwọ́ Bìrìtìkó lè ti iṣẹ́ ìtọ́jú táwọn ológun Israel ń ṣe ní Golan, ilẹ̀ tí Israel gbà lọ́wọ́ Syria, lẹ́yìn. Ẹ ò rí i pé ó burú? Owó aráàlú mà ni! Áfíríkà ló wà ní November tí Theresa May, olórí ìjọba Bìrìtìkó nígbà yẹn, fi ní kó máa bọ̀ nílé kíá.

Ohun tí wọ́n sọ nínú yàrá lè jẹ́ àṣírí lóòótọ́, òfin Bìrìtìkó ti ọdún 2000 tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ministry tí mínísítà náà wà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìpàdé wáyé, kódà kó jẹ́ ìdí oúnjẹ ni wọ́n ti pàdé. Òfin Nàìjíríà ti 2011 náà jọ ọ́: wọ́n lè fi ìwé ìjọba pamọ́ tó bá máa ṣàkóbá fún àjọṣe wa pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè, àfi tí àǹfààní aráàlú bá jù ú lọ.