Wáyà orí bàbá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa wà ní ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, wọn ò tíì lajú látìgbà tí stroke ti kọlù wọ́n. Wọ́n wá lẹ wáyà mọ́ wọn lórí, ṣé iná ni wọ́n fẹ́ fi gbé wọn ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ fọkàn balẹ̀. EEG nìyẹn, iná kékeré tí ọpọlọ fúnra ẹ̀ ń mú jáde ló ń gbà sílẹ̀. Gìrì lè máa jà nínú ọpọlọ aláìsàn kí apá má gbọ̀n, kí ẹsẹ̀ má mì, ẹ̀yin á kàn rò pé ó sùn ni, ẹ̀rọ yìí ló máa tú u fó. Ó lè tó wákàtí 24 kó tó hàn, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi tètè yọ ọ́. Ẹ ṣáà má fa wáyà yẹn, àbúrò, ìlà tí ẹ̀rọ náà ń yà sójú kọ̀ǹpútà á dàrú.