Ta Ló Pinnu, Ta Ló sì Lè Kọ̀? Bí A Ṣe Lè Wọn Agbára Obìnrin Nínú Ètò Ìlera Aboyún àti Ìfètòsọ́mọbíbí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà lára àwọn tó ń bójú tó ètò ìlera aboyún àti ìfètòsọ́mọbíbí kan. Àwọn tó ń gbówó kalẹ̀ fún wa fẹ́ kí a fi ẹ̀rí hàn pé ètò náà ń ró àwọn obìnrin lágbára. A ti ka iye obìnrin tó wá fún àyẹ̀wò oyún, iye tó bímọ sí ilé ìwòsàn àti iye tó gba ìfètòsọ́mọbíbí, gbogbo rẹ̀ ló sì pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi àwọn obìnrin léèrè ẹni tó ń pinnu lórí ìtọ́jú ara wọn, iye àwọn tó dáhùn pé "èmi nìkan ni" dín kù sí ti ìbẹ̀rẹ̀ ètò. Ṣé a ti kùnà ni? Kí ló yẹ kí a máa wọ̀n gan-an?

Ìdáhùn: Mi ò lè sọ pé ẹ kùnà, mi ò sì lè sọ pé ẹ yege, nítorí pé ohun tí ẹ wọ̀n kò tíì lè fi èyí tó jẹ́ hàn nínú méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn iye tó dùn mọ́ yín nínú.

Iye obìnrin tó wá sí ilé ìwòsàn ń sọ fún wa nípa lílo ìtọ́jú, kò sọ ẹni tó ní kí wọ́n lò ó. Obìnrin kan lè wá fún àyẹ̀wò ní gbogbo ìgbà mẹ́jọ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń dámọ̀ràn láti ọdún 2016, kó sì jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ló pàṣẹ, ìyá ọkọ rẹ̀ ló mú un wá, nọ́ọ̀sì ló sì yan ohun gbogbo fún un. Òmíràn lè gbọ́ àlàyé nípa gbogbo ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí tó wà, kó rò ó dáadáa, kó sì sọ pé òun kò fẹ́ ìkankan báyìí. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, ẹni àkọ́kọ́ ni a ó kà sí ẹni tí ètò ti ró lágbára, a ó sì ka ẹnì kejì mọ́ àwọn tí ètò kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Lójú tèmi, òdìkejì rẹ̀ ló súnmọ́ òtítọ́ jù.

Naila Kabeer, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀, pín ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà mẹ́ta ní ọdún 1999: ohun tí obìnrin ní lọ́wọ́ láti fi ṣe yíyàn, agbára rẹ̀ láti yan ohun tó fẹ́ kó sì ṣe é, àti ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Ó tún là á yé wa pé ìrónilágbára jẹ́ ìyípadà tó ń dé bá ẹni tí wọ́n ti fi ẹ̀tọ́ yíyàn dù tẹ́lẹ̀. Bíbímọ sí ilé ìwòsàn wà ní ọ̀nà kẹta. Bí ẹ bá fi í wọn ọ̀nà kejì, tí ẹ tún wá fẹ́ fi hàn pé agbára yíyàn ló mú kí àwọn obìnrin máa bímọ sí ilé ìwòsàn, ohun kan ṣoṣo ni ẹ ń fi jẹ́rìí fún ara rẹ̀.

Ní ti ìdáhùn tó dín kù, ìbéèrè tí ẹ lò kì í ṣe àjèjì. Ìwádìí nípa ìlera àti iye ènìyàn tí a mọ̀ sí DHS, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1984 tó sì ti dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 90, ti ń béèrè rẹ̀ tipẹ́: ta ló sábà máa ń pinnu lórí ìtọ́jú ara obìnrin, lórí ríra nǹkan ńláńlá fún ilé, àti lórí lílọ kí àwọn ẹbí rẹ̀? Ìdáhùn lè jẹ́ obìnrin náà fúnra rẹ̀, ọkọ, àwọn méjèèjì pọ̀, tàbí ẹlòmíràn. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé "èmi nìkan" lè jẹ́ ohùn obìnrin tó ní àṣẹ lórí ara rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ohùn ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti kó gbogbo ẹrù lé lórí, tó ń gbé oyún tí kò sí ẹni tó bi í pé báwo ni. Bákan náà ni "àwa méjèèjì" lè túmọ̀ sí pé wọ́n jọ jókòó sọ ọ́, ó sì lè túmọ̀ sí pé ọkọ kéde, ìyàwó sì ní ó dára. Nínú òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń pè ní 5.6.1, lábẹ́ àfojúsùn ìdàgbàsókè karùn-ún tó dá lórí ìdọ́gba ọkùnrin àti obìnrin, obìnrin ọmọ ọdún 15 sí 49 tó bá lè kọ ìbálòpọ̀, tó sì ń dá pinnu tàbí tó ń bá ọkọ rẹ̀ pinnu lórí ìfètòsọ́mọbíbí àti lórí ìtọ́jú ara rẹ̀, ni wọ́n ń kà. Ó gbọ́dọ̀ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ rí i pé àpapọ̀ ìpinnu kò mú kí wọ́n yọ obìnrin kúrò níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ tún àwọn ìdáhùn yín ṣí, kí ẹ wo ibi tí àwọn tó kúrò ní "èmi nìkan" lọ. Bí ó bá jẹ́ "àwa méjèèjì" ni wọ́n wọ̀, tí ètò yín sì ti ń pe àwọn ọkọ wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìròyìn ayọ̀ lè ni. Bí ó bá jẹ́ "ọkọ mi" ni, ọ̀rọ̀ di òmíràn, nítorí pé pípè tí ẹ ń pe àwọn ọkùnrin lè ti fi àṣẹ tí kì í ṣe tiwọn tẹ́lẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá àwọn obìnrin kan náà ni ẹ bi léèrè nígbà méjèèjì. Bí wọn kò bá jẹ́ ọ̀kan náà, ó lè jẹ́ pé àwọn tí ọkọ wọn kò sí nílé pọ̀ nínú àwọn ti àkọ́kọ́ ni. Ohun kan tún wà tí kì í jẹ́ kí n tètè bínú sí iye tó bá lọ sílẹ̀: ẹ̀kọ́ a máa yí òṣùwọ̀n tó wà lọ́kàn ènìyàn padà. Obìnrin tó gbà tẹ́lẹ̀ pé òun ló ń pinnu lè wá rí i, lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, pé ohun tí wọ́n ti yàn fún òun ni òun ń gbà.

Ohun tí mo máa ń fi kún ìbéèrè "ta ló ń pinnu" ni èyí tó ń wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnu kò bá kò. Bí ẹ̀yin ń fẹ́ ohun kan tí ọkọ yín kò fẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ ta ló sábà máa ń ṣẹ? Bí ara yín kò bá yá lónìí, ṣé ẹ lè lọ sí ilé ìwòsàn kí ẹ tó rí ẹni tí ẹ máa gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ yín? Òṣùwọ̀n kan wà fún òmìnira obìnrin lórí ọ̀rọ̀ ìbímọ tí Ushma Upadhyay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2014. Gbólóhùn 14 ló ní, ó sì kan ìpinnu, bíbọ́ lọ́wọ́ ìfipámúni, àti bí tọkọtaya ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó kúrú, ó sì wúlò, àmọ́ ẹ má ṣe kàn túmọ̀ rẹ̀ kí ẹ sì lò ó. Ẹ kọ́kọ́ ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fún àwọn obìnrin díẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Òṣùwọ̀n agbára obìnrin tí wọ́n ń pè ní SWPER, ti ọdún 2017, tí wọ́n fi ìbéèrè DHS ṣe, dára fún fífi orílẹ̀-èdè wé orílẹ̀-èdè. Kò bá ètò kékeré kan mu.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ètò kì í wò rárá ni ọwọ́ àwa òṣìṣẹ́ ìlera. A máa ń wọn agbára obìnrin níwájú ọkọ rẹ̀, a kì í wọ̀n ọ́n níwájú nọ́ọ̀sì. Ṣé wọ́n sọ ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí mìíràn fún un yàtọ̀ sí èyí tó gbà? Ṣé wọ́n sọ ohun tí ọ̀nà náà lè ṣe fún ara rẹ̀, ohun tó yẹ kó ṣe bí ó bá rí i, àti pé ó lè yí i padà? Nígbà ìrọbí, ṣé wọ́n gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án? Bí mo bá ní àyè fún ìbéèrè kan péré, èyí ni ǹ bá yàn: nínú àwọn obìnrin tó gba ìfètòsọ́mọbíbí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, tí wọ́n sì padà wá pé kí a yọ ọ́, mélòó ni a yọ ọ́ fún lọ́jọ́ náà láìbá wọn jà? Ètò tí wọ́n ti fún ní iye obìnrin tó gbọ́dọ̀ gba ìfètòsọ́mọbíbí kí ọdún tó parí kì í sábà fẹ́ béèrè èyí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó gbẹ̀bí obìnrin jẹ́ ẹni tí yóò bi í bóyá wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Bí ẹ bá sì fẹ́ béèrè nípa lílù tàbí ìfipámúni, ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2001 ni kí ẹ tẹ̀lé: obìnrin kan ṣoṣo nínú ilé kan, níbi tí etí kejì kò sí, pẹ̀lú ẹni tó gba ẹ̀kọ́ fún iṣẹ́ náà, àti ibi ìrànlọ́wọ́ tí a lè darí rẹ̀ sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ibi ìrànlọ́wọ́ kò bá sí, ẹ yọ ìbéèrè náà kúrò.

Ó kù síbi ìfiwéra. Àwọn tó máa ń kọ́kọ́ dara pọ̀ mọ́ ètò ni àwọn tó ti ní àyè láti jáde nílé, nítorí náà ẹ wá àwọn obìnrin tí ètò kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà ní àkókò kan náà. Nínú ìròyìn tí ẹ máa fi ránṣẹ́, ẹ fi iye àwọn tó lo ìtọ́jú sí ojú ewé tirẹ̀, kí ẹ pè é ní lílo ìtọ́jú. Kí ìdáhùn "èmi nìkan", "àwa méjèèjì" àti "ọkọ mi" dá dúró ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti ìṣáájú àti ti ìsinsìnyí, kí ẹ sì kọ ohun tí àwọn obìnrin fúnra wọn sọ pé ó fa ìyàtọ̀ náà sí abẹ́ rẹ̀.