Ìwé Àtijọ́ Lórí Ọdẹ Ẹyẹ àti Ajá Ọdẹ: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Ọ̀rọ̀ ìwé àtijọ́ lórí ọdẹ ẹyẹ àti ajá ọdẹ tí a mẹ́nu bà lójú ewé yìí nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá ti mú kí lẹ́tà máa dé bá wa láti oríṣiríṣi àdúgbò Abẹ́òkúta. A mú díẹ̀ nínú wọn, a sì dáhùn wọn bí agbára wa ti mọ.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ìwé àwọn òyìnbó nípa ọdẹ ẹyẹ àti ajá tí ń bá ọdẹ rìn ni mo ń fi owó ìfẹ̀yìntì mi rà díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó mi sọ pé kò yé òun ìdí tí mo fi ń tún ìwé kan náà kà lọ́dọọdún nígbà tí mo ti mọ ibi tí ó parí sí. Ṣé àṣìṣe ni mo ń ṣe? Àti pé, èwo nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó ṣàìsí lórí pẹpẹ mi? (Bàbá Olùkọ́, Ìbàrà)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú ìtọ́jú ìwé. Kò sí àṣìṣe kankan nínú ohun tí ẹ ń ṣe, a sì bẹ ìyá wa kí wọ́n fi ọkàn balẹ̀. Ìwé tó dá lórí ọdẹ kì í ṣe ìwé tí à ń kà nítorí ibi tí yóò parí sí, nítorí pé ibi kan náà ni gbogbo wọn ń parí sí: ẹyẹ já bọ́, tàbí ẹyẹ fò lọ. Nígbà àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá kà á, ìró ìbọn ló máa ń gba ọkàn rẹ̀. Nígbà kejì ni yóò tó fara balẹ̀ wo ajá. Bí ó bá sì tún un kà lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó mọ̀ pé ojú òǹkọ̀wé gan-an ni òun ń yá lò, ojú tí ó ti mọ igbó kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó sì lè sọ ohun tó wà nídìí ewé tó mì nígbà tí atẹ́gùn kò fẹ́.

Àpẹẹrẹ tí a fẹ́ràn jù lọ ni àwọn ìtàn ọdẹ tí Ivan Turgenev ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà kó jọ sínú ìwé kan ní ọdún 1852. Ọdẹ kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Yermolai, ajá rẹ̀ sì ń jẹ́ Valetka. Yermolai kì í fún ajá yìí lóńjẹ rárá. Èrò tirẹ̀ ni pé ọlọ́gbọ́n ẹranko ni ajá, yóò wá jíjẹ ara rẹ̀. Ajá náà rù kan egungun, síbẹ̀ ó pẹ́ láyé, kì í sọnù, kò sì wù ú láti fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń kà á fún ìgbà àkọ́kọ́ lè bínú sí Yermolai, kí ó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n kí ó tún un kà, kí ó sì kíyè sí ohun tí òǹkọ̀wé sọ nípa ọdẹ náà fúnra rẹ̀: Yermolai jẹ́ ohun ìní onílẹ̀ kan, àṣẹ tí olówó rẹ̀ sì pa fún un ni pé kí ó máa mú ẹyẹ mélòó kan wá sí ilé ìdáná lóṣooṣù, kí ó sì máa gbé níbi tó bá wù ú, kí ó máa jẹ ohun tó bá rí. Bí olówó ti ṣe sí ọdẹ ni ọdẹ ń ṣe sí ajá. Turgenev kò wàásù, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì sún mọ́ ara wọn, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní sùúrù láti padà wá. Ọdún 1861 ni wọ́n tó fi òpin sí irú ìsìnrú bẹ́ẹ̀ ní Rọ́ṣíà, nígbà tí ìwé náà ti wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn fún ọdún mẹ́sàn-án.

Ní ọdún 1852 yìí kan náà ni Sergei Aksakov, ọmọ Rọ́ṣíà bíi ti Turgenev, gbé ìwé tirẹ̀ jáde lórí fífi ìbọn dẹ ẹyẹ ní agbègbè Orenburg, Turgenev fúnra rẹ̀ sì kọ̀wé yìn ín. Bí ẹ kò bá tí ì ní in, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ni Aksakov ń mú lọ́kọ̀ọ̀kan: ibi tó ń gbé, ohun tó ń jẹ, bí ó ṣe ń gbéra nílẹ̀, bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. Kì í kánjú. Ẹni tó bá ti dúró létí oko ẹ̀gẹ́ ní apá Ọ̀dẹ̀dá ní ìdájí, tó gbọ́ igbe àparò kí oòrùn tó yọ, yóò mọ̀ pé ohun tí ó rí ni Aksakov ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹyẹ tirẹ̀ kì í ṣe ẹyẹ tiwa.

Ní ti ajá, ẹ wá Dog Breaking tí W. N. Hutchinson, ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1848. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé pàṣán ni olùkọ́ ajá, ó tẹnu mọ́ ọn pé sùúrù àti ẹ̀bùn ló ń kọ́ ọ, àti pé inú ilé ni kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àmì ọwọ́, kí ajá tó fojú kan pápá. Ohun kan wà tó lè rú ọmọ Yorùbá lójú nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí a là á yé ara wa. Ajá ọdẹ tiwa ń lé ẹran ni. Ó ń gbó, ṣaworo ọrùn rẹ̀ ń dún, kí ọdẹ lè mọ ọ̀nà tí ọ̀yà gbà. Ajá tí púpọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí ń sọ kì í lé ẹyẹ: bí òórùn ẹyẹ bá ti kàn án nímú, yóò dúró gan-an, yóò na imú síwájú, ẹlòmíràn á gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, kò sì ní mira títí ọ̀gá rẹ̀ yóò fi dé. Kí ìbọn tó gbòde láàárín wọn, àwọ̀n ni wọ́n ń fà bo ẹyẹ tó ba mọ́lẹ̀ níwájú ajá, nítorí náà ajá tó bá sáré wọlé ti ba ọdẹ jẹ́. Bí ẹ bá ti fi èyí sọ́kàn, ìdúró yẹn tí wọ́n máa ń fi ojú ewé púpọ̀ ṣàpèjúwe kò ní sú yín mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni adùn wà.

Peter Hawker, tó kọ ìwé ìtọ́ni fún àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ ní 1814, ṣe pàtàkì nínú ìtàn, ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1893 kún fún iye ẹyẹ tó pa ju bí a ti fẹ́ lọ. Kíkà ẹ̀ẹ̀kan tó. Aldo Leopold ti Amẹ́ríkà ni a máa ń padà sí. A Sand County Almanac jáde ní 1949, ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, apá tó kọ nípa oṣù kẹwàá nínú rẹ̀ sì sọ nípa ajá kan tó dá lójú pé ọ̀gá òun ṣì ní ohun púpọ̀ láti kọ́ nípa ẹyẹ. Kì í ṣe ìwé ọdẹ lódindi, síbẹ̀ ààyè rẹ̀ wà láàárín wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ilé wa kò jìnnà sí odò Ògùn. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, funfun á máa hu sára ìwé mi, ikán sì ti jẹ apá kan pẹpẹ. Káńfọ̀ ni mo ń kó sáàárín wọn. Kí ni kí n tún ṣe? (Òǹkàwé, Láfẹ́nwá)

ÌDÁHÙN: Káńfọ̀ kò lè dá ikán dúró, kò sì kan funfun náà rárá. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń fà á: bí ó bá ti ń ju ìdá márùndínláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ fún ìgbà pípẹ́, ìwé yóò hu. Ẹ fa pẹpẹ kúrò lára ògiri kí ọwọ́ lè wọ àárín wọn, ẹ má kì ìwé pọ̀ mọ́ra, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa gba ẹ̀yìn wọn. Pẹpẹ irin sàn ju ti pákó lọ. Bí ó bá jẹ́ pákó, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú agolo tí ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí. Ẹ má fi ọ̀rá di ìwé mọ́ inú nígbà òjò, nítorí ọ̀rinrin inú rẹ̀ kò ní rọ́nà jáde.

Èyí tó ti hu, ẹ tẹ́ ẹ síta lábẹ́ ibòòji níbi tí atẹ́gùn wà títí yóò fi gbẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ọ́n níta ilé, kí ẹ sì fi aṣọ bo imú. Ẹ má sá a sóòrùn. Oòrùn Abẹ́òkúta á ká páálí rẹ̀, á sì mú kí bébà rẹ̀ pọ́n. Bí kòkòrò bá wà nínú ìwé, tí iná sì ń dúró dáadáa lọ́dọ̀ yín, ẹ fi ọ̀rá wé e pinpin, kí ẹ fi í sínú fírísà fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ má sì tú ọ̀rá náà títí yóò fi yọ́ tán. Sẹ́lótéèpù kò gbọdọ̀ kan ojú ewé tó ya.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àlàbàtà. Ẹnì kan tó ń ta ìwé àlòkù ní Kútọ̀ ní Grouse Feathers ti Burton Spiller lọ́wọ́, ó ní àkọ́tẹ̀ ni, owó tó sì ń pè kò kéré. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni? (Ọ̀dọ́ Òǹkàwé)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ìbéèrè rẹ dára. Ilé ìtẹ̀wé Derrydale, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1927, ló kọ́kọ́ gbé ìwé yìí jáde ní 1935, ẹ̀dà 950 péré ni wọ́n sì tẹ̀, tí wọ́n fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, kí o tó sọ̀rọ̀ owó rárá, ṣí ìwé náà síbi tí wọ́n ti kọ iye ẹ̀dà, kí o wo bóyá nọ́ńbà wà níbẹ̀, kí o sì ka orúkọ ilé ìtẹ̀wé àti ọdún tó wà lójú ewé àkọlé àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá rí orúkọ ilé ìtẹ̀wé mìíràn tàbí ọdún tó kéyìn 1935, àtúntẹ̀ ni, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ. Kò sí àparò tó ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó gorí ebè. Nọ́ńbà yẹn ni ebè tí ẹ̀dà àkọ́tẹ̀ dúró lé.

Èrò tiwa ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má fi owó oúnjẹ ra ebè. Ọ̀rọ̀ Spiller lórí ajá rẹ̀ àti ẹyẹ igbó New England, ní ìlà-oòrùn àríwá Amẹ́ríkà, ni àtúntẹ̀ gbé lọ́wọ́. Ra àtúntẹ̀, kà á, fi pẹ́ńsù fàlà sí ibi tó bá wọ̀ ọ́ lára, kí o sì padà sí i. Ẹ̀dà olówó ńlá tí ènìyàn ń bẹ̀rù láti ṣí kò wúlò fún irú ìkàwé tí à ń sọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọdẹ ni bàbá mi, ajá rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, kò sì kàwé. Mo fẹ́ máa ka ìwé sí i létí ní Yorùbá. Èwo ni kí n mú? (Ọmọ Ọdẹ, Ìtòkò)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ fún yín pé kí ẹ mú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà, tó jáde ní 1938, tí Wọlé Ṣóyínká, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, sì túmọ̀ ní 1968. Ẹ kà á sí wọn létí, nítorí èdè rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n iwin ni ọdẹ ibẹ̀ ń bá pàdé ju ẹyẹ lọ. The Brave African Huntress ti Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta bákan náà, jáde ní 1958, obìnrin ọdẹ ló sì dá lé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ ó ní láti máa sọ ọ́ ní Yorùbá bí ẹ ti ń kà á lọ.

Èyí tí yóò wọ bàbá lára jù ni ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, tó jáde ní 1966, nítorí pé ìjálá fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú oríkì ẹran àti ẹyẹ. Ẹ má kà á bí ẹni ka ìròyìn. Ẹ ka ìlà díẹ̀, kí ẹ dákẹ́. Ó ṣeé ṣe kí bàbá gbà á lẹ́nu yín, kí wọ́n sì sọ bí wọ́n ṣe ń sun ún ní ìhà tiwọn. Ẹ bi wọ́n léèrè pẹ̀lú nípa ìtàn ọdẹ tó wà lórí igi, tí àwọn ọ̀tá ń gé igi náà lábẹ́ rẹ̀, tó wá ń ké pe ajá rẹ̀ mẹ́ta, Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì àti Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé. Kò sí ọdẹ àgbà tí kò ní irú tirẹ̀.

Kí fóònù máa gba ohùn wọn sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà yìí. Láti ìgbà tí Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859 ni ìlú yìí ti ń fi Yorùbá sórí bébà, ó sì dùn wá pé ìmọ̀ àwọn ọdẹ nípa àparò, awó àti ajá ṣì wà lẹ́nu wọn ju inú ìwé lọ. Ẹ bi bàbá ní orúkọ ajá kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti ní rí, nítorí òwe ni ọ̀pọ̀ nínú orúkọ ajá ilẹ̀ wa, kí ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti má gbó títí yóò fi rí ipa ẹran, àti ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ọ lọ́jọ́ tó bá ṣiṣẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti gba ohùn náà sílẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ síbòmíràn yàtọ̀ sí orí fóònù.