Ọkọ mi ní oníṣẹ́ kankan ò ní wọlé òun mọ́, balùwẹ̀ wa sì ti di ahoro

*Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòròdú la ń gbé, ilé ti wa ni. Balùwẹ̀ wa ń jo omi sí pálọ̀. A gbé e fún onítáìsì kan, ó gba ₦180,000 lọ́wọ́ wa, ó wó ilẹ̀ tán, ó ní òun ń lọ sìnkú, a ò rí i mọ́ títí dòní. Ẹnì kejì tó wá tún un ṣe, ẹnu ọ̀nà ló darí omi sí dípò ihò rẹ̀. Látìgbà náà ni bàbá àwọn ọmọ mi ti búra pé oníṣẹ́ kankan ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé òun mọ́. Ó wo fídíò lórí YouTube, ó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé táìsì, ó tún gbogbo rẹ̀ wó. Ọ̀sẹ̀ keje rèé, táìsì mọ́kànlá péré ló tíì lẹ̀ mọ́ ògiri. Wọ́n gún o, mi ò ní parọ́, àmọ́ Sátidé nìkan ló ń ráyè. Ó ní tóun bá parí, òun fúnra òun lòun máa so hítà tuntun. Ẹ̀yìnkùlé lèmi àtàwọn ìbejì ti ń wẹ̀. Ìyá ọkọ mi sì ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, wọ́n fẹ́ wá tọ́jú ojú. Ṣé kí n mú oníṣẹ́ wá nígbà tí ọkọ mi bá wà níbi iṣẹ́? (Ẹ jọ̀ọ́, onítáìsì àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ àbúrò mi ọkùnrin ni.) Èmi ni Ìyá Ìbejì.*

Ìyá Ìbejì, àbúrò mi, kú ìrọ́jú. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Nílé tiyín, balùwẹ̀ lẹ ti ń dà á, pálọ̀ lẹ ti ń tẹ̀ ẹ́.

Má mú oníṣẹ́ wọlé lẹ́yìn ọkọ rẹ. Iṣẹ́ yẹn lè dára bí ojú, gbogbo ìgbà tó bá ti wọlé lọ wẹ̀ ni yóò máa rántí pé wọ́n fi òun ṣe ọmọdé nínú ilé ara òun.

Ọ̀rọ̀ tó ni lẹ́tà rẹ gan-an, inú àkámọ́ lo rọra tì í sí. Ọ̀rẹ́ àbúrò rẹ ló gbé owó sá lọ. Bóyá ọkọ rẹ ò sọ ọ́ síta rí, torí kò fẹ́ kó dà bíi pé òun ń bú àna òun. Àmọ́ nígbàkigbà tó o bá ti ní "ẹ jẹ́ ká pe oníṣẹ́," ₦180,000 ló ń gbọ́. Ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ bá a sọ. Má ní "èmi kọ́ ni mo ní kó sá." Sọ pé, "Dádì Ìbejì, ọ̀dọ̀ mi lẹni yẹn ti wá, ó dùn mí." Kó o wá dákẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, má fi "àmọ́" kankan tì í lẹ́yìn.

Mi ò sì ní bá ọ dá a lẹ́bi tán. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ń fojú èèyàn rí màbo. "Mo wà lọ́nà, mọ́mì," ìwọ náà sì ń gbọ́ ariwo tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀ nínú fóònù. Ọ̀gá lo bá dúnàádúrà, ọmọ iṣẹ́ tó dé lóṣù tó kọjá ló máa rán wá. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ jù ni pé owó tó gbà lọ́wọ́ rẹ ló fi ń parí iṣẹ́ ẹni tó ti sanwó ṣáájú rẹ. Ìwọ náà á wá dúró de ẹni tuntun tó máa sanwó tí wọ́n á fi parí tìrẹ. Tí ẹni tuntun yẹn ò bá tètè yọjú, òkú á kú nílé wọn.

Èmi náà ti sọ pé màá ṣe é fúnra mi rí. Ògiri ilé ìdáná mi ń dúdú nísàlẹ̀, ẹni tó fẹ́ tún un ṣe bẹ́nu lé owó ńlá, inú bí mi. Mo ra ọ̀dà olóròóró, mo kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ògiri ń dán, mo pe aládùúgbò wá wò ó. Kò pé oṣù mẹ́ta, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí àkàrà nínú epo. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan, omi tú jáde, ó ṣàn gba ọrùn ọwọ́ mi lọ sí ìgúnpá. Páìpù tó ń jo wà nínú ògiri yẹn látọjọ́ yìí, èmi wá fi ọ̀dà dí i lẹ́nu. Púlọ́ńbà ló wá wó ohun tí mo ti kùn.

Látìgbà náà, kí n tó fọwọ́ kan iṣẹ́ ilé, mo máa ń bi ara mi bóyá tó bá bàjẹ́, màá rí i lójú ẹsẹ̀, àbí abẹ́lẹ̀ ni yóò ti máa bàjẹ́ tí èmi á ṣì máa rẹ́rìn-ín lókè. Èyí tí màá rí lójú ẹsẹ̀, mò ń ṣe é. Kíkun ògiri tó gbẹ, pípààrọ̀ rọ́bà ẹ̀rọ omi tó ń kán tó (kó o kọ́kọ́ ti omi láti ìdí táǹkì o), nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, wíwó táìsì àtijọ́ kúrò. Wíwó yẹn nìkan, tí ọkọ rẹ ti bá yín ṣe, ó ti dín owó iṣẹ́ kù.

Ilẹ̀ balùwẹ̀ ò sí lára wọn. Táìsì kọ́ ló ń dá omi dúró. Omi ń gba àárín táìsì méjì kọjá díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tó ń dá a dúró ni ọ̀dà tó ń dènà omi, tí wọ́n ń kùn sórí sìmẹ́ńtì kí táìsì tó gorí rẹ̀, tí wọ́n á sì fà gun ìsàlẹ̀ ògiri yíká. Ohun tó ń darí rẹ̀ ni dídagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀: nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì fún mítà kọ̀ọ̀kan, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ihò omi. Tí èyí bá yingin, ẹ ò ní mọ̀ lónìí. Ìdí ògiri pálọ̀ ló máa sọ fún yín lọ́dún tó ń bọ̀.

Kí ọkọ rẹ jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ náà, kí ẹlòmíì lẹ ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje tó lò kì í ṣe àṣedànù. Ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ gé táìsì, tó ti po sìmẹ́ńtì kó le mọ́ ọn lọ́wọ́, ta ló tún fẹ́ parọ́ fún un pé báàgì mẹ́jọ ò ní tó balùwẹ̀ kan? Òun ni kó yan oníṣẹ́ náà. Kì í ṣe ìwọ, kì í sì í ṣe àbúrò rẹ. Wọ́n á sọ fún un pé àwọn ará Kútọnu àti Tógò nìkan ló mọ táìsì ní Èkó. Lóòótọ́, ọwọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́, àmọ́ balùwẹ̀ tí ẹni náà ti lẹ̀ láti bí ọdún kan ni kó ní kó mú òun lọ wò, kì í ṣe fọ́tò inú fóònù.

Kí ọkọ rẹ fúnra rẹ̀ ra ọjà, ì báà jẹ́ ní ọjà Ọdún Adé ní Orílé, ì báà jẹ́ ìtòsí yín. Páálí táìsì 60 sí 60 tó ní mẹ́rin nínú, mítà onígun mẹ́rin 1.44 ló ń bò. Ti ilẹ̀ balùwẹ̀ sábà máa ń kéré ju ìyẹn lọ, torí ó rọrùn láti fi tẹ̀ lé dídagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀, nítorí náà kó wo iye tí wọ́n kọ sára páálí. Kó fi gígùn lu ìbú, kó fi iye ara páálí pín in, kó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e nítorí gígé.

Owó iṣẹ́ ńkọ́? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ló tó. Kí oníṣẹ́ náà gba díẹ̀ nígbà tí sìmẹ́ńtì ilẹ̀ bá ti gbẹ, tí ẹ da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan sẹ́nu ọ̀nà, tẹ́ ẹ sì rí i tí gbogbo rẹ̀ ṣàn lọ sí ihò láìdúró níbì kankan. Kí ó gba ìdajì nígbà tí táìsì bá jókòó tán, tí ọkọ rẹ ti mú owó wẹ́wẹ́, tó fi kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jókòó dáadáa á dún kó-kó. Èyí tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo á dún bí agolo, kí wọ́n sì yọ ọ́. Ìyókù di ọjọ́ kejì: ẹ fi àkísà inú ọ̀rá dí ihò, ẹ bu omi sí i kó jìn tó ìka méjì, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sára ògiri. Tó bá dìgbà kan náà lọ́la tí omi ò kúrò lójú àmì, ẹ sanwó, kẹ́ ẹ dúpẹ́.

₦180,000 yẹn, àbúrò rẹ ni kó kọ́kọ́ rìn. Kó mú ọkọ rẹ lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó jẹ yín ní ìyẹn ó kéré tán. Tí ẹni náà bá ṣorí kunkun, Èkó ti ní ilé ẹjọ́ Small Claims láti 2018, níwájú májísíréètì, fún gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Ẹ máa kọ́kọ́ kọ lẹ́tà béèrè owó yín sí i. Àlẹ́ẹ̀tì báńkì tó fi gbowó, má pa á rẹ́ o. Citizens Mediation Centre tí ìjọba Èkó gbé kalẹ̀ náà wà, wọ́n ń báni parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́.

Hítà ni mo fi ń bẹ̀ ọ́. Kó má fọwọ́ kàn án. Hítà fẹ́ wáyà tirẹ̀ tó nípọn, bíréékà tirẹ̀, àti áàtì tó lọ wọlẹ̀ dáadáa. Inú omi la sì ń dúró sí lò ó. Tí iná bá gbé èèyàn níbẹ̀, ọkùnrin inú YouTube á ṣì máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Oníná tó mọṣẹ́ ni kó so ó.

Tó bá ṣì ń jiyàn, ìyá rẹ̀ ni kó o fi bẹ̀ ẹ́. Ìyá tí ojú ń dà láàmú, ẹ̀yìnkùlé tó ń yọ̀ kọ́ ló yẹ kó ti máa wẹ̀.

Táìsì mọ́kànlá ara ògiri yẹn wá ńkọ́, tó o ní wọ́n gún? Lọ́jọ́ tí oníṣẹ́ bá dé, níṣojú ọkọ rẹ, tọ́ka sí wọn, kó o ní: "Ọ̀gá, ojú ìlà tí Dádì Ìbejì fi lélẹ̀ yìí ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé lọ."