Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Orúkọ Tó Wà Lára Ọjà Yín, Ta Ló Ni Ín?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ta àdìrẹ ní Ìgbóǹnà. Mo ti forúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ògiri. Ẹnìkan ti wá ń ta àdìrẹ báyìí, orúkọ tèmi gan-an ló wà lára lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ṣé ìwé CAC yìí ò lè dá a dúró? (Ìyá aládìrẹ, Òṣogbo)

Kò lè dá a dúró, ìyá wa. Ohun tí ìwé CAC ń sọ ni pé ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ tí ẹ fi ń ta ọjà, ibòmíràn ni wọ́n ti ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀: ọ́fíìsì tíréèdìmáàkì (ìyẹn orúkọ tàbí àmì tí a fi ń dá ọjà ẹnìkan mọ̀), lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìṣòwò ní Àbújá. Ó ń dùn wá pé ẹ̀yìn ìgbà tí ìjà bá ti dé ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń gbọ́ èyí.

Ẹ kọ́kọ́ kó ẹ̀rí jọ: rìsíìtì ilé ìtẹ̀wé tó tẹ lébẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́, fọ́tò ọjà tó ní déètì, ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti oníbàárà lórí WhatsApp. Òfin kò gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ láyè láti lé ẹni tó ti ń lo orúkọ náà láìdáwọ́ dúró ṣáájú rẹ̀. Ẹ lè pe ẹni yẹn lẹ́jọ́ nísinsìnyí pé ó ń gbé ọjà rẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni pé tiyín ni. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé àwọn oníbàárà ti mọ orúkọ náà mọ́ yín, pé wọ́n ń ṣi ọjà rà, àti pé ó ń pa yín lára. Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ, ọ̀kan sì wà ní Òṣogbo níbí.

Bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀, ẹrù ẹ̀rí yẹn á fúyẹ́. Ìwádìí ló ṣáájú. Aṣojú tí ọ́fíìsì náà fọwọ́ sí, tó sábà máa ń jẹ́ agbẹjọ́rò, ni yóò bá yín wò ó bóyá orúkọ tó jọ tiyín ti wà nínú ìwé wọn. Èyí tó dún bíi tiyín létí lásán náà lè dí yín lọ́nà. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó yan ìsọ̀rí. Ìsọ̀rí 45 ló wà: 1 dé 34 jẹ́ ti ọjà, 35 dé 45 jẹ́ ti iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe fúnni. Àdìrẹ tí ẹ ń tà ní yáàdì wà ní ìsọ̀rí 24. Bí ẹ bá ti rán an di bùbá tàbí fìlà, ó ti bọ́ sí 25. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé àti owó tirẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ aládìrẹ ti lè kọsẹ̀ nìyí: wọ́n á gba 24, wọ́n á gbàgbé 25, nígbà tó jẹ́ pé aṣọ rírán ló ń mówó wọlé jù.

Ìwé kìn-ín-ní tí ẹ ó rí gbà á kàn sọ pé wọ́n ti rí ìwé yín ni, pẹ̀lú nọ́ńbà àti déètì. Ẹ má fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, kò tíì di ìforúkọsílẹ̀. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tó yege, ìwé ìtẹ́wọ́gbà á dé, wọ́n á sì gbé e jáde nínú jọ́nà tíréèdìmáàkì, ìyẹn ìwé ìkéde wọn. Oṣù méjì ni ẹlòmíràn ní láti ta kò ó. Bí ẹnìkan bá ta kò ó, oṣù kan péré lẹ ní láti fèsì. Bí ẹ bá dákẹ́, òfin á gbà pé ẹ ti jáwọ́. Gbogbo rẹ̀ lè gbà ju ọdún kan lọ kí ìwé ẹ̀rí tó jáde, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀ ni wọ́n máa ń kà sí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀. Ọdún 7 ló kọ́kọ́ máa ń lò. Bí ẹ bá tún un ṣe, ó di ọdún 14-14. Ẹni tó bá gbà á tí kò lò ó fún ọdún 5, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò.

Bí agbára bá ká a, ẹ forúkọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ fi àwòrán àti àwọ̀ lébẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú ẹjọ́ Ferodo àti Ibeto, iléeṣẹ́ méjì tó ń ta bíréèkì ọkọ̀, tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ní 2004, páálí bíréèkì tí àwọ̀ wọn jọra ló dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà “Ferodo” ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe àwọ̀ páálí. Ferodo pàdánù ẹjọ́ náà.

Ọnà ara àdìrẹ ńkọ́? Ìbàdàndùn àti Olókun, ogún gbogbo wa ni. Ẹ má náwó lé e.

Adéníkẹ̀ẹ́ lorúkọ mi, Níkẹ̀ẹ́ ni gbogbo ayé ń pè mí. Ṣé mo lè kọ “NIKE” sára aṣọ tí mò ń rán? (Aránṣọ, Òkè-Fìà)

Òfin fún yín láyè láti fi orúkọ ara yín ṣòwò pẹ̀lú òótọ́ inú. Ṣùgbọ́n ohun kan ni kí ẹ lò ó, ohun mìíràn ni kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Ní ìsọ̀rí 25, iléeṣẹ́ bàtà Amẹ́ríkà nì, Nike, ti wà níbẹ̀. Inú ìtàn àwọn Gíríìkì, lára òrìṣà ìṣẹ́gun wọn, ni wọ́n ti mú orúkọ tiwọn. Kò bá Níkẹ̀ẹ́ wa tan rárá. Àmọ́ oníbàárà kì í ka àmì ohùn lórí lébẹ́ẹ̀lì, lẹ́tà mẹ́rin náà ló ń rí. Ẹ kọ Adéníkẹ̀ẹ́ ní kíkún, kí ẹ fi orúkọ mìíràn tì í. Ẹ má sì fi àmì wọn tó tẹ̀ bíi dòjé yẹn sí i láé. Dọ́là 35 ni wọ́n san fún Carolyn Davidson tó yà á ní 1971, ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà. Lónìí, ta ni kò dá a mọ̀? Bí ẹ bá yà á sára aṣọ, ọ̀rọ̀ orúkọ àbísọ ti tán níbẹ̀.

Mo fẹ́ máa di gàrí sínú náílọ́ọ̀nù. “Gàrí Òṣogbo Dídára” ni mo fẹ́ pè é. (Oníṣòwò, Ayétòrò)

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní wàhálà. Gàrí ni orúkọ ọjà fúnra rẹ̀, Òṣogbo ni orúkọ ìlú, dídára sì ń yin ọjà. Kò sí ẹni tí wọ́n máa fún ní ọ̀kankan nínú wọn, torí gbogbo alágàrí ìlú yìí ló nílò wọn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá hun fúnra yín, tí kò sọ nǹkan kan nípa gàrí, ló máa ń rọrùn jù láti gbà. Ìsọ̀rí 30 lẹ ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ìwádìí orúkọ kí ẹ tó tẹ náílọ́ọ̀nù ẹgbẹ̀rún márùn-ún.

Gbogbo wa là ń pe èròjà ọbẹ̀ ní Mágí. Ṣé kò ti di ti gbogbo ayé? (Òǹkàwé, Stéṣọ̀n)

Lẹ́nu, ó lè jọ bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, aspirin, oògùn ẹ̀fọ́rí, bọ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Bayer ní 1921, escalator, àtẹ̀gùn tó ń gbé èèyàn lọ fúnra rẹ̀, sì bọ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Otis ní 1950, torí pé aráyé ti sọ wọ́n di orúkọ nǹkan náà gan-an. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọjà Ọba. Maggi ṣì ní ẹni tó ni ín. Ẹ lè pè é bó ṣe wù yín níbi ọbẹ̀, ẹ má sáà kọ ọ́ sára èròjà tí ẹ̀yin fúnra yín lọ̀.

TM àti R inú òbìrí, èwo ni kí n lò? (Alágbo, Òkè Báálẹ̀)

TM ń sọ pé ẹ ka orúkọ náà sí tíréèdìmáàkì yín, ẹ lè lò ó láti òní. R inú òbìrí ń sọ pé ẹ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó di ìgbà tí ìwé ẹ̀rí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin láti pe àmì tí a kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní èyí tí a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.