Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọnà ara ògiri sílẹ̀ ná

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè irú ọnà ìbílẹ̀ tí ó yẹ kí ẹ gbẹ́ sára gbọ̀ngàn ìlú tí wọ́n ní kí ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí àwọn aráàlú lè rí àṣà wọn níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọnà sílẹ̀ ná. Ibi tí èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ojú mi sì rí màbo.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ni iṣẹ́ ìjọba àkọ́kọ́ tó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ ṣe bẹbẹ. Mo wá agbẹ́gilére, mo ní kó gbẹ́ òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo wá ya iwájú ilé ní gíláàsì láti òkè délẹ̀, kí àwọn tó ń kọjá lójú títì lè máa rí inú. Ìhà ìwọ̀ oòrùn ni títì náà wà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí ti mọ ibi tí mò ń lọ. Àárọ̀ ni wọ́n ṣí i, gbogbo èèyàn yìn mí, wọ́n ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Kò sí ẹni tó dúró di aago mẹ́ta ọ̀sán, tí oòrùn máa ń kọjú sí gíláàsì náà.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí pé òrùlé ń jò níbì kan. Páálí ni mo kọ́kọ́ rí. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ya páálí oògùn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì mi dé ibi tí ọwọ́ wọn tó. Lẹ́yìn náà ni mo wo ilẹ̀: ibi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró ti ha, ìlà funfun méjì méjì láti ibi tí mo to bẹ́ǹṣì sí títí dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń wọ́ bẹ́ǹṣì jáde láràárọ̀ lọ sábẹ́ igi tó wà lẹ́yìn ilé, wọ́n á tún wọ́ ọ wọlé nírọ̀lẹ́. Igi yẹn, èmi ni mo ní kí wọ́n gé e nígbà tí à ń kọ́lé. Agbaṣẹ́ṣe ló gbàgbé. Ìgbàgbé rẹ̀ ni ohun tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Mo bá wọn jókòó sábẹ́ igi fún bíi wákàtí méjì. Inú ilé, mo to bẹ́ǹṣì tẹ̀léra wọn bí àga inú bọ́ọ̀sì. Níta, kò sẹ́ni tó kẹ́yìn síra. Àwọn àgbà fara ti ìdí igi, àwọn ìyá ọmọ wà létí ibi tí wọ́n ti lè rí ilẹ̀kùn kí wọ́n sì gbọ́ orúkọ, aláìsàn kan sì ní ẹni mẹ́ta tó sìn ín wá. Mo ti ya àga aláìsàn, n kò ya àga ẹni tó sìn ín. Ohun tí mo wá pè ní àṣà nìyẹn láti ọjọ́ náà: bí èèyàn ṣe ń wọlé, ẹni tí wọ́n ń kí ṣáájú, ibi tí wọ́n ń dúró sí. Kí ẹ tó fa ìlà kan lórí ìwé, ẹ lọ jókòó síbi tí àwọn tó máa lo gbọ̀ngàn yẹn ti ń pàdé báyìí, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

Ọ̀rọ̀ oòrùn rọrùn ju bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ lọ. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, oòrùn ń wọlé láti ìsàlẹ̀, kò sí etí òrùlé tó gùn tó láti dí i. Nítorí náà, ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ tó kúrú jù sí ìlà àti ìwọ̀ oòrùn, kí fèrèsé ibẹ̀ má pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ gígùn ni kó kọjú sí àríwá àti gúúsù, níbi tí etí òrùlé ti lè ṣiṣẹ́. Ẹ wo àwọn ilé tí Arieh Sharon yà fún Yunifásítì Ifẹ̀: àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ilé ń fi ara rẹ̀ ṣíji bo ara rẹ̀. (Bó bá jẹ́ ibi tí òtútù ti ń mú lẹ wà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ẹ̀yin lẹ ó máa wá oòrùn kiri.)

Fún afẹ́fẹ́, fèrèsé ẹ̀gbẹ́ kan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ní ibi tó máa gbà jáde lódìkejì. Bí yàrá bá sì fẹ̀ ju ìlọ́po márùn-ún gíga rẹ̀ lọ láti fèrèsé dé fèrèsé, afẹ́fẹ́ á ti rẹ̀ kó tó dé àárín.

Ẹ ní ẹnì kan gbà yín nímọ̀ràn ògiri amọ̀ tó nípọn. Ẹ rọra. Ìyẹn ni mo fi ṣe iṣẹ́ kejì, ilé ìkàwé kan lágbègbè olómi, torí mo ti rí i níbòmíràn tó tutù nini lọ́sàn-án. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í bu kí ọdún tó yípo. Ògiri tó nípọn ń gba ooru lọ́sàn-án, ó sì ń tú u sílẹ̀ lóru, ó dìgbà tí òru bá tutù kó tó rí ibi tú u sí. Ìdí tí Eastgate, ilé ọ́fíìsì àti ìtajà ńlá tí Mick Pearce yà ní Harare ní Zimbabwe, tó parí lọ́dún 1996, fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: orí ilẹ̀ gíga ni ìlú náà wà, òru rẹ̀ tutù, fáànù á fa atẹ́gùn òru wọlé kó tu kọ̀ǹkéré lára de ọ̀sán ọjọ́ kejì. Níbi tí òru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná tó ọ̀sán, òjìji àti afẹ́fẹ́ ni kí ẹ lépa, ẹ jẹ́ kí ògiri fúyẹ́.

Amọ̀ fúnra rẹ̀ kò lẹ́bi. Ilé ẹ̀kọ́ tí Francis Kéré kọ́ sí Gando ní Burkina Faso, tó parí lọ́dún 2001, bíríkì amọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó gbé páànù ga kúrò lórí àjà, ó sì fi àlàfo sáàárín bíríkì àjà, kí ooru inú yàrá lè gòkè kí afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Páànù náà yọ síta dáadáa kí òjò má baà na ògiri. Àwọn ará abúlé ló bá a kọ́ ọ, wọ́n mọ bí wọ́n á ṣe tún un ṣe.

Ẹ rántí ìyẹn bí ẹ bá padà sórí ọ̀rọ̀ ọnà. Mọ́sáláṣí ńlá Djenné ní Mali, èyí tí wọ́n tún kọ́ lọ́dún 1907, ní igi ọ̀pẹ tó yọ jáde lára ògiri rẹ̀ káàkiri. Àlejò á rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Àkàbà ni: orí rẹ̀ ni wọ́n ń gùn lọ́dọọdún tí ìlú bá jáde láti fi amọ̀ rẹ́ ògiri náà. Irú ọnà tí mò ń fẹ́ nìyẹn, ọnà tó níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ní ti àwọn ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ fún yín, tí wọ́n fẹ́ gíláàsì àti ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ má bá wọn fa ọ̀rọ̀ àṣà, ẹ ò ní borí. Nígbà tí alága ìgbìmọ̀ iṣẹ́ mi kẹta fi fọ́tò ilé onígíláàsì kan hàn mí lórí fóònù, mo ní kó jẹ́ ká lọ wo ọ̀kan tí mo kọ́. Ilé ìwòsàn yẹn ni mo mú un lọ, láago mẹ́ta, lọ́jọ́ tí iná ò sí. Mo ní kó jókòó síwájú gíláàsì ká jọ wo pílánù. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tó fi dìde, ó di orí bẹ́ǹṣì kan mú, ó ní kí n bá òun gbé ìdí rẹ̀.