Ìtumọ̀ ìpè "Badar, Badar" lẹ́nu àwọn atukọ̀ etí odò Bengal

Òǹkàwé kan béèrè pé kí ló fà á tí atukọ̀ ní abúlé etí odò ilẹ̀ Bengal, tó pín sí Bangladesh àti Íńdíà, fi máa ń ké "Badar, Badar" kí ó tó ti ọkọ̀ kúrò ní èbúté, àti pé kí ló dé tí ẹlẹ́sìn Híńdù tó wà nínú ọkọ̀ náà a máa gbè é, nígbà tó jẹ́ pé Mùsùlùmí ló ni orúkọ náà.

Badar jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹni mímọ́ tí wọ́n ń pè ní pir, àwọn èèyàn sì gbà pé ó ní àṣẹ lórí omi. Ojúbọ ibojì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Chattogram, ìlú èbúté ńlá tó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Bangladesh. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ibẹ̀ sọ pé orí òkúta tó léfòó ló gùn dé, ó bá àwọn àlùjọ̀nnú tó ti gba ilẹ̀ náà, ó sì tọrọ ìwọ̀nba àyè tí ìmọ́lẹ̀ fìtílà rẹ̀ bá lè dé. Ó tan fìtílà, ìmọ́lẹ̀ náà tàn ká ibi gbogbo, àwọn àlùjọ̀nnú sì sá lọ. Òkè kékeré kan nínú ìlú náà ń jẹ́ Cheragi Pahar, òkè fìtílà, títí di òní.

Ṣùgbọ́n ìpè náà kò mọ sórí Badar. Bí àwọn àgbà atukọ̀ ṣe ń pè é ní kíkún nìyí: "Ọmọdé ni wá, Gazi ni olùṣọ́ wa, odò Ganga ń bẹ lórí wa, pir márùn-ún, Badar, Badar." Gazi jẹ́ pir Mùsùlùmí tí wọ́n máa ń yàwòrán rẹ̀ lórí ẹkùn, tí àwọn tó ń wọ igbó Sundarbans lọ gégi tàbí lọ wá oyin sì ń ké pè. Ganga ní tirẹ̀ jẹ́ odò, ó sì tún jẹ́ òrìṣà obìnrin fún àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù. Ní ti pir márùn-ún, bí o bá bi atukọ̀ méjì léèrè orúkọ wọn, ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn wọn má bára mu, ìyẹn kò sì ní dà wọ́n láàmú rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn a máa fi ìpè yìí ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀sìn méjèèjì rẹ́ níbẹ̀. Èmi kò jiyàn, àmọ́ mo rò pé ilẹ̀ wọn ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò ká tó wo ẹ̀sìn wọn.

Ilẹ̀ Bengal tẹ́ pẹrẹsẹ, odò ló sì kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ. Ní oṣù Asharh àti Srabon, tó bọ́ sí àárín oṣù Kẹfà sí àárín oṣù Kẹjọ, àwọn odò bíi Padma, Jamuna àti Meghna a kún bo bèbè. Bí omi ti ń ya, yanrìn àti erùpẹ̀ tó wúwo ló kọ́kọ́ ń dà sílẹ̀ létí odò, ẹrẹ̀ tó fúyẹ́ ló ń gbé lọ jìnnà. Báyìí ni bèbè ṣe wá ga ju ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó jẹ́ àbàtà tí wọ́n ń pè ní bil. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé fi tò lọ gbọọrọ lórí bèbè dípò kí wọ́n ṣùjọ sójú kan. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé yóò tún gbẹ́ ilẹ̀, yóò fi erùpẹ̀ rẹ̀ gbé ìpìlẹ̀ ga, kòtò tó kù a sì di adágún tí wọ́n ti ń wẹ̀, tí wọ́n ti ń fọ abọ́, tí wọ́n sì ń sin ẹja. Nígbà ìkún omi, agboolé kọ̀ọ̀kan a di erékùṣù, ọmọ tí wọ́n bá rán níyọ̀ lọ sílé kejì a sì gun ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n dì pọ̀.

Bèbè tí wọ́n sá gùn yìí gan-an ni odò ń jẹ. Yanrìn ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Omi a máa họ ọ́ lábẹ́ nígbà tí koríko àti igi orí rẹ̀ ṣì dúró digbí. Àmì tí àwọn ará ilé ń ṣọ́ ni ìlà tín-ín-rín tí ilẹ̀ fi sán lẹ́yìn ilé. Bí wọ́n bá ti rí i, wọn kì í fi dọ̀la: wọn a tú páànù orí ilé, wọn a yọ ògiri oparun àti ilẹ̀kùn, wọn a kó o sínú ọkọ̀ pẹ̀lú màlúù àti ìkòkò, ó di char, ìyẹn ilẹ̀ yanrìn tuntun tí odò kan náà ti gbé jáde níbòmíràn. Ní agbègbè Sirajganj, Gaibandha àti Kurigram, ẹlòmíràn a ti kó ilé bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó darúgbó. Odò kò sì mọ olówó yàtọ̀: Padma ní orúkọ mìíràn, Kirtinasha, apa-iṣẹ́-ńlá-run, nítorí ó gbé àwọn ilé ńláńlá tí Raja Rajballabh kọ́ sí Rajnagar lọ. Ìjà lórí ta ló ni char pọ̀ débi pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin lé e lórí ní 1825, síbẹ̀ àwọn onílẹ̀ ńlá kò yéé háyà àwọn lathiyal, àwọn ọkùnrin onígi, láti fi agbára gbà á.

Ẹni tó ń gbé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní aládùúgbò tó dájú bí ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ kan, ọkọ̀ tó bá sì dojú dé kì í yan ẹlẹ́sìn. Nítorí náà, lójú tèmi, "Ọmọdé ni wá" ni ọkàn ìpè náà ju Badar fúnra rẹ̀ lọ: gbogbo wọn ń jọ jẹ́wọ́ pé agbára àwọn kò ká omi yìí, kí ọ̀pá tó ti ọkọ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀. Àwọn atukọ̀ mìíràn a tún fọwọ́ kan omi, wọn a sì fi kan iwájú orí wọn.

Irú ẹ̀mí kan náà ló wà nínú ọdún Bera tí wọ́n ń ṣe ní Lalbagh, ní Murshidabad lápá Íńdíà, ní Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù Bhadro, tó bọ́ sí àárín oṣù Kẹjọ sí àárín oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n á fi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti oparun kan pèpéle, wọ́n á to àtùpà sórí rẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí odò Bhagirathi gbé e lọ ní orúkọ Khwaja Khizir, ẹni tí àwọn Mùsùlùmí láàárín wa mọ̀ nínú ìtàn òun àti Ànábì Mùsá.

Kì í ṣe gbogbo Mùsùlùmí Bengal ló fara mọ́ àṣà yìí o. Ní agbègbè Faridpur, tí odò pọ̀ sí gan-an, Haji Shariatullah bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Faraizi ní nǹkan bí ọdún 1818, ó sì kọ́ àwọn àgbẹ̀ pé kíké pe pir jẹ́ wíwá orogún fún Ọlọ́run. Ẹ̀kọ́ náà ràn, ó sì ń ràn títí di ìsinsìnyí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi sóko ìrẹsì náà tún ti di ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi, ariwo rẹ̀ kò sì jẹ́ kí èrò máa gbè mọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ atukọ̀ ń sọ Bísímílláhì nìkan, wọ́n sì ń fi ọ̀dà kọ "Mayer Doa", àdúrà ìyá, sára ọkọ̀ wọn.